Dókítà mẹ́rin lórí ẹsẹ̀ màámi, ta ló máa so wọ́n pọ̀?

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Màámi ní àmì dúdú kan lábẹ́ gìgísẹ̀ òsì, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, a rò pé ìṣó ló gún wọn lóko, òrí ni wọ́n ń fi pa á. Ìgbà tó wá degbò tí ò jinná la gbé wọn lọ ọsibítù, wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, èsì ní melanoma ni, jẹjẹrẹ awọ ara. Àtìgbà yẹn, dókítà awọ ní ká lọ rí oníṣẹ́ abẹ, oníṣẹ́ abẹ ní ká lọ ya síkáànì, àwọn onísíkáànì ní ká lọ bá dókítà jẹjẹrẹ, ìyẹn sì wà nílùú míì. Ibi tá a bá dé, "Màmá, kí ló ń ṣe yín?" ni wọ́n á tún fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Màámi ti sọ ìtàn ìṣó yẹn títí, ẹkún ni wọ́n fi ń sọ ọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yẹ kó so àwọn dókítà yìí pọ̀?

Nọ́ọ̀sì Oǹdó:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wo màmá sàn. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi torí ìṣó yẹn. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni àìsàn yìí sábà máa ń yọjú sí, kì í ṣe ibi tí oòrùn ń pa. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley wà lọ́dún 1977, bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó fà á, ó sì kú ní 1981, ọmọ ọdún 36 péré.
Ẹ wo ìwé èsì yẹn dáadáa, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ bí ó ṣe jìn wọnú awọ tó, mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà yẹn ni oníṣẹ́ abẹ máa wò kó tó mọ bí òun ṣe máa gé e fẹ̀ tó, òun náà ló máa sọ bóyá kí wọ́n yẹ kókó abẹ́ itan wò, torí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ yìí máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Iṣẹ́ kókó yẹn, ìgbà kan náà tí wọ́n bá ń gé ojú egbò ló dáa kí wọ́n ṣe é. Tí wọ́n bá ti gé ojú egbò ẹsẹ̀ yẹn tán kí wọ́n tó rántí kókó, ó ti nira nìyẹn. Kí gbogbo wọn jọ sọ̀rọ̀ kí ọ̀bẹ tó kan màmá o!

Bọ̀dá Ìjàpọ̀:
Ohun tójú wa rí lórí bàbá wa nìyí. Ẹran tí wọ́n gé yẹn, láàbù kì í dà á nù, inú abẹ́là ni wọ́n ń rì í sí, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pè é. Ẹ lọ gbà á, ẹ buwọ́ lùwé. Mo gbé ti bàbá láti Àkúrẹ́ dé Ilé-Ifẹ̀, ó kéré bíi ṣúgà oníhóró, mo wé e sínú nylon, orí itan mi ló wà láti Ìgbàrà-Òkè lọ, mi ò jẹ́ gbé e síwájú mọ́tò kí oòrùn má baà yọ́ ọ. Wọ́n tún un wò níbẹ̀, wọn ò tún gé ẹran míì lára bàbá. Síkáànì náà, ẹ gba CD ẹ̀, ìwé nìkan ò tó.

Àbúrò London:
Níbí, gbogbo dókítà tọ́rọ̀ kàn ló ń jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn kan, nọ́ọ̀sì kan á sì wà tí aláìsàn lè máa pè. Àwọn ọsibítù ńlá nílé náà ní irú ìjókòó yẹn, tumour board ni wọ́n ń pè é. Ẹ bi wọ́n tààrà pé ìgbà wo ni wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ màmá débẹ̀, àti pé dókítà wo ló máa di olórí. Ẹ má tíì ra abẹ́rẹ́ olówó gọbọi kankan kí wọ́n tó jókòó.

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo pe oníṣẹ́ abẹ láàárọ̀ yìí, ó ní òun ò tíì fojú kan ìwé èsì yẹn rí, lẹ́tà nìkan ló dọ́dọ̀ òun. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mìlímítà 2.3 ló wà níbẹ̀. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Tó bá di Mọ́ńdè, láàbù ni mò ń lọ, mo fẹ́ gba búlọ́ọ̀kù.