Nígbà tí ọwọ́ bá yà lójú ọ̀nà nídìí ayò, níbo ni ọpọlọ ti pa ìpinnu dà?

Alayò_Òkè:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi dá sí i. Èmi àti bọ̀dá mi ń ta ayò lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó kàn mí, mo na ọwọ́ sí ilé kejì, ọwọ́ ti dé bí ìdajì ọ̀nà, àfi bó ṣe yà lọ sí ilé kẹrin tó sì kó gbogbo ọmọ ibẹ̀. Mi ò rántí pé mo dúró rò ó pé kí n fi kejì sílẹ̀. Bọ̀dá mi náà rí i, wọ́n ní ta ló dá ọwọ́ yẹn padà? Mo ti gbọ́ pé motor cortex ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nínú ọpọlọ. Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an nìkan ló ń jẹ́ ni, àbí òun náà máa ń dá sí ohun tí a máa yàn?

Àǹtí_Físíò:
Ẹ kú ìbéèrè. Físíò ni mí, àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni mò ń tọ́jú lójoojúmọ́. Motor cortex yẹn dà bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi so ọpọlọ láti àtàrí wá sí ìtòsí etí, ti òsì ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ti ọ̀tún ló ń darí tòsì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, 1870 ni àwọn olùwádìí méjì, Fritsch àti Hitzig, fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ọpọlọ ajá ní Jámánì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lódìkejì sì ta. Mo ní màmá kan tí mò ń tọ́jú, tí mo bá gbé kọ́ọ̀bù omi àti kọ́ọ̀bù tíì síwájú wọn, wọ́n mọ èyí tí wọ́n fẹ́ dáadáa, ojú wọn á ti wà lórí tíì, ọwọ́ ni ò kàn lọ, ìka á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ibòmíì la ti ń yàn, ibẹ̀ kàn ń jíṣẹ́ ni.

Dèjì_ọpọlọ:
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ gan-an, ọ̀rọ̀ màmá yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀kọ́ tí mò ń kà rèé, àmọ́ mi ò rò pé ìránṣẹ́ lásán ni. Ẹ wo ohun tí àwọn olùwádìí ọpọlọ méjì, Cisek àti Kalaska, rí ní Montreal ní Kánádà, wọ́n gbé e jáde ní 2005. Wọ́n fi àmì méjì han ọ̀bọ lójú skíríìnì, ọ̀kan lápá ibí ọ̀kan lódìkejì, àwọ̀ wọn yàtọ̀, wọn ò tíì sọ èyí tó máa fọwọ́ kàn fún un. Níwájú motor cortex gan-an, ibi tí wọ́n ń pè ní premotor, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ti apá ibí ń ṣiṣẹ́, àwọn ti apá ọ̀hún náà ń ṣiṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà o! Ìgbà tí àwọ̀ tó máa tẹ̀ lé wá yọ ni ti ọ̀kan ròkè tí ti èkejì sì rọlẹ̀, ọwọ́ ò sì tíì kúrò níbi tó wà. Ètò méjèèjì ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ti eku ló wá jẹ́ kó dá mi lójú. Ní Janelia, ilé ìwádìí kan ní Virginia ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ eku láti fi irun ẹnu rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀pá kékeré kan wà, á dúró díẹ̀, á wá yọ ahọ́n lá omi lápá òsì tàbí ọ̀tún. Nígbà tó ń dúró yẹn ni wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ pa apá iwájú motor cortex rẹ̀ lẹ́nu mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Eku ṣì yọ ahọ́n, ahọ́n ò rọ rárá, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ yẹn ló ń yà sí ju bó ṣe yẹ lọ.

Alayò, tiyín gan-an ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Stanford, tí wọ́n gbé jáde ní 2021, kọ̀ǹpútà ń ka sẹ́ẹ̀lì premotor àti motor cortex ọ̀bọ lójú ẹsẹ̀, ó sì ń rí i tí ọ̀bọ bá pa ọkàn dà láì tíì gbé ọwọ́ rárá.

Ọmọ_Ìjọ:
Ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Mo kà nípa ìwádìí tí Libet, onímọ̀ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1983, pé ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra ní bí ìdajì sẹ́kọ́ńdù kí ọwọ́ tó mira, tí ẹni náà fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun fẹ́ gbé e àfi ìgbà tó ku nǹkan bí ìdá márùn-ún sẹ́kọ́ńdù kan. Ṣé èmi ni mo wá ń yàn báyìí?

Dèjì_ọpọlọ:
Ìbéèrè gidi ni. Ẹ rántí pé ohun tí Libet ní kí wọ́n ṣe ò ju kí àwọn tó ń dán wò tẹ ọrùn ọwọ́ wọn nígbà tó bá wù wọ́n, kò sí ìdí kankan tí ìsinsìnyí fi dáa ju ìṣẹ́jú tó ń bọ̀ lọ. Olùwádìí ọpọlọ míì, Schurger, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sọ ní 2012 pé iṣẹ́ ọpọlọ máa ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi, tí kò bá sí ìdí míì, ìgbà tí ìgbì bá kan etí ìkòkò lọwọ́ á gbéra, téèyàn bá wá ka á sẹ́yìn á dà bíi pé wọ́n ti pinnu tipẹ́. Èmi fara mọ́ tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń jà nídìí ilé kejì àti ìkẹrin yẹn, inú yín náà ló wà, ohun tí ẹ ti kọ́ nídìí ayò ló ń ti ọ̀kan lẹ́yìn.

Alayò_Òkè:
Ẹ ṣé gbogbo yín, ó ti ń yé mi. Lánàá mo fi fóònù ká ọwọ́ bọ̀dá mi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ta. Wọ́n na ọwọ́ sí ilé kẹta, ìka ti ń ṣí, ó dúró fírí, ó wá lọ sí ìkarùn-ún. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ìkarùn-ún làwọn ń lọ látìbẹ̀rẹ̀.