Táyé AA, Kẹ́hìndé AS: kí ló dé tí akọ ibà fi ń gbé Táyé nìkan ṣánlẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ilé o. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni àwọn ìbejì mi, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Abẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn kan náà ni wọ́n ń sùn. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni akọ ibà ti gbé Táyé dé ilé ìwòsàn lọ́dún yìí. Nígbà kejì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun báláú, wọ́n sì ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kẹ́hìndé kàn máa ń gbóná fún ọjọ́ kan ni. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń bá Táyé jà. AA ni bàbá wọn, AS ni èmi. Táyé mú ti bàbá, Kẹ́hìndé mú tèmi. Ṣé ìyẹn ló fà á? Ooru sì ń mú Kẹ́hìndé lábẹ́ àwọ̀n náà; ṣé mo lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀?

Bàbá Ayẹ̀jẹ̀wò:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. N kò rí ọwọ́ ayé níbẹ̀. Ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni takọtabo ìbejì ti ń wá, nítorí náà ogún wọn lè yàtọ̀. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Anthony Allison ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé AS ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà. Kòkòrò ibà a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ AS, mo sì máa ń rí i lábẹ́ máíkírósíkópù, ṣùgbọ́n kì í rí ààyè gbilẹ̀ dáadáa, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó bá wọ̀ tètè máa ń ká kò bí dòjé, ara a sì pa á rẹ́ pẹ̀lú kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ Kẹ́hìndé kúrò lábẹ́ àwọ̀n: ẹ̀fọn lè gbé kòkòrò láti ara rẹ̀ lọ bá Táyé.

Màmá Àdùkẹ́, Ọ̀yọ́:
Mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé SS ni ọmọ tèmi, àwọn kan sì ti sọ fún mi rí pé ibà kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Irọ́ ni! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ibà bá tún bà á jẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ìṣègùn:
AS nìkan kọ́ ni irú ogún bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní ohun tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa, bẹ́ẹ̀ òun ni ilẹ̀kùn tí kòkòrò ibà vivax, tí ó wọ́pọ̀ ní Íńdíà, sábà máa ń gbà wọlé; ìdí nìyí tí irú ibà yẹn fi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa.

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Lálẹ́ yìí, àwọn méjèèjì ni yóò sùn sábẹ́ àwọ̀n.