Celica mi nínú ọyẹ́ Iléṣà

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kú ọyẹ́ o. Toyota Celica ọdún 2000 ni mo ń wà, lẹ́bàá ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, tí mo bá tẹná, kò dáhùn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Eruku ti dé abẹ́ síìtì! Àbúrò mi ní Kánádà ní òun ti pààrọ̀ sí táyà yìnyín, kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àbí kí n kúkú gbé e sílẹ̀ títí òjò á fi rọ̀?

Mẹkáníìkì Ifẹ̀: Ẹ má gbé e sílẹ̀, bátìrì á kú. Ẹ yọ fíltà afẹ́fẹ́ wò. Èyí tí mo yọ ní Lágere lánàá pupa bí ilẹ̀. Tó bá ti dí, ẹ́ńjìnnì ò ní rí èémí mí. Ẹ ra tuntun. Ẹ má jẹ́ kí fọ́kánáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó máa ń ya bébà inú rẹ̀. Àárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà.

Bàbá Ìbejì: Táyà yìnyín kẹ̀? Torí pé táyà lásán máa ń le tí òtútù bá ti wá sábẹ́ 7°C ni wọ́n ṣe ń lò ó lọ́hùn-ún. Rọ́bà táyà yìnyín rọ̀. Oòrùn ọ̀sán Iléṣà á jẹ ẹ́ run. Ẹ bá wa kí àbúrò.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Mo ti ṣí ilé fíltà náà. Ewé máńgòrò méjì ló wà níbẹ̀!