Ìrù bakitéríà: ṣé ó fi hàn pé ẹfolúṣọ̀n kò lè rí bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Onígbàgbọ́ ni mí, báyókẹ́mísìrì, ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà inú ohun abẹ̀mí, ni mo sì ń kọ́. Michael Behe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1996 pé ìrù tí bakitéríà fi ń lúwẹ̀ẹ́ kò lè ṣiṣẹ́ bí ẹ̀yà kan bá yọ lára rẹ̀, nítorí náà kò lè jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló fi di odindi, bí ẹfolúṣọ̀n (àlàyé pé ohun abẹ̀mí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran) ṣe sọ. Mo wo àwòrán rẹ̀ títí: ó ní òrùka, ó ní ọ̀pá, ó ní mọ́tò tó ń yí i. Kí ni èsì rẹ̀?

Ìdáhùn kìíní
Ohun tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ kan lè ṣe òmíràn. Ibẹ̀ ni àlàyé Behe ti mẹ́hẹ. Bakitéríà tó ń fa àrùn pílégì ní ohun kan tó rí bí abẹ́rẹ́, tó fi ń ti purotéènì rẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì wa. Nǹkan bí mẹ́wàá nínú àwọn purotéènì abẹ́rẹ́ yìí ló bá ti ìdí ìrù náà mu. Púpọ̀ nínú ẹ̀yà ìrù kò sí lára rẹ̀, kò sì lè lúwẹ̀ẹ́, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ geere. N kò sọ pé abẹ́rẹ́ ló di ìrù o, nítorí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ tọ́ka sí i pé ara ìrù ni abẹ́rẹ́ ti ya. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ̀yà bá dín, ìyókù kì í ṣe aláìwúlò.

Ìdáhùn kejì
Fítámì C ló yí èrò tèmi padà nípa ẹfolúṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú ń ṣe é fúnra wọn nínú ẹ̀dọ̀. Jíìnì (ìlànà àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) fún ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì, tó ń parí iṣẹ́ náà wà lára àwa náà, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́. Ti ìnàkí àti ọ̀bọ náà bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti ẹmọ́ ilé (guinea pig) bàjẹ́ pẹ̀lú, àmọ́ ọ̀nà tó gbà bàjẹ́ yàtọ̀ sí tiwa. Bí a bá ní baba ńlá kan náà pẹ̀lú ìnàkí, ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Bí wọ́n bá dá wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, n kò rí ìdí tí wọn yóò fi fi jíìnì tí kò ṣiṣẹ́ sára wa.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ̀yin olùbéèrè, ẹ má rò pé ẹ gbọ́dọ̀ sẹ́ ìgbàgbọ́ yín. Theodosius Dobzhansky, onímọ̀ nípa jíìnì àti ẹfolúṣọ̀n, tó kọ ọ́ ní 1973 pé láìsí ẹfolúṣọ̀n kò sí ohun tó lè yéni nínú ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí, sọ nínú àpilẹ̀kọ kan náà pé òun gba Ẹlẹ́dàá gbọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè mìíràn nìyẹn, iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀.