Ṣé kí á dúró de oògùn ìgékúrú áńtíbọ́dì fún jẹjẹrẹ ọmú ìyá wa?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Ìyá wa, ẹni ọdún 58 tó ń ta aṣọ ní Balógun, ni jẹjẹrẹ ọmú ń bá fínra. Wọ́n ti gé ọmú òsì ní èṣí, wọ́n sì gba kẹmó parí, ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n yà ní oṣù tó kọjá fi hàn pé ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kà nípa oògùn tuntun kan, èyí tí wọ́n ń fi ìgékúrú áńtíbọ́dì (èròjà tí ara fi ń dá àrùn mọ̀) gbé májèlé lọ bá jẹjẹrẹ, wọ́n sì ní kí á má náwó sí ti odindi áńtíbọ́dì tó wà lórí àtẹ, pé kí á dúró de kékeré tó ń wọ inú kókó dáadáa. Ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ìkòròdú la fẹ́ tà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì lè tà á. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Apòògùn, Yábàá
Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́. Nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, áńtíbọ́dì ló ń dá àmì ara jẹjẹrẹ mọ̀, májèlé ló ń pa á, okùn kan ló sì so méjèèjì pọ̀, tí kò yẹ kó tú àfi bí wọ́n bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà. Odindi áńtíbọ́dì tó nǹkan bí 150 kilodalton, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí èròjà tó kéré bẹ́ẹ̀ ṣe wúwo tó. Ìgékúrú tí wọ́n ń pè ní Fab jẹ́ bí 50, scFv kò sì ju bí 27 lọ. Ìyá yín tó ń tajà ní Balógun yóò tètè mọ ohun tí mò ń wí: ọkọ̀ akẹ́rù kò lè gba àárín ìsọ̀ kọjá, aláàárù ni yóò gbé ẹrù wọlé. Ṣùgbọ́n ìgékúrú kò ní ìrù tí ara fi ń dá odindi dúró sínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni kíndìnrín máa ń sẹ́ ẹ dànù, nígbà mìíràn kí májèlé tó dé ibi tí a rán an. Èyí tó sún mọ́ ọn jù tó dé ọwọ́ aláìsàn ni Lumoxiti, ìgékúrú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ májèlé bakitéríà, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2018 fún oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní 2023. Ti ọmú ṣì wà lẹ́nu ìdánwò. Ẹ má dúró. Kí ni wọ́n kọ síwájú HER2, ọ̀kan lára àmì ara jẹjẹrẹ ọmú tí irú áńtíbọ́dì bẹ́ẹ̀ ń dá mọ̀, nínú ìwé èsì ìyá?

Olùbéèrè
"2+" ni, ẹ̀yin àgbà. Tádàwà ibẹ̀ ti ń parẹ́ nítorí pé inú báàgì ọjà ni ìyá fi ìwé náà sí. Wọ́n kọ "FISH" sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o: ẹja ni gbogbo wa rò pé wọ́n ní kí ìyá máa jẹ, láti èṣí la sì ti ń ra ẹja àrọ̀ fún wọn ní gbogbo Sátidé.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ṣùrùlérè
Ọmọ mi, n kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fún yín ní ìwé láìṣàlàyé ni mo bínú sí. Orúkọ àyẹ̀wò ni FISH. Láti 0 dé 3+ ni wọ́n fi ń díwọ̀n HER2: 3+ dájú pé HER2 pọ̀, ṣùgbọ́n 2+ ń ṣe iyèméjì, FISH ni yóò là á, nítorí pé ó ń ka iye ẹ̀dà jíìnì náà nínú sẹ́ẹ̀lì. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, kí o béèrè búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ẹran tí wọ́n gé tí wọ́n rì sínú ìda, kí o sì gbé e pẹ̀lú ìwé náà lọ bá dókítà jẹjẹrẹ ní Ìdí-Àrábà. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gé díẹ̀ lára ti ẹ̀dọ̀, má bá wọn jiyàn, torí HER2 lè yí padà bí àrùn bá ti ràn. Bí FISH bá sì ní ẹ̀dà jíìnì náà kò pọ̀ jù, ilẹ̀kùn kò tíì tì: láti 2022 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí Enhertu, odindi áńtíbọ́dì tó gbé májèlé, fún irú 2+ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn kẹmó. Ẹ má ta ilẹ̀ kí èsì tó jáde.

Ọmọ Èbúté-Mẹ́ta
Àǹtí mi gba Enhertu, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fà á sí wọn lára. Bí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ tàbí tí èémí wọn ń já, ẹ má fún wọn ní àgbo, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ, nítorí pé oògùn náà lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ sì máa ka orúkọ ara ìgò kí wọ́n tó gbé e kọ́: Herceptin, Kadcyla àti Enhertu, trastuzumab, ìyẹn áńtíbọ́dì inú wọn, wà lára orúkọ oògùn gidi gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Olùbéèrè
Mo dúpẹ́ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ti ka gbogbo rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ní àwọn yóò lọ gba búlọ́ọ̀kù náà ní ọjọ́ Ajé. Ìyá ní kí n bi yín bóyá kí àwọn dẹ́kun ẹja.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ṣùrùlérè
Kí wọ́n máa jẹ ẹ́.