Lásìkò Kòrónà: Ṣé ọkàn yín balẹ̀ láti padà sí pápá lọ wo bọ́ọ̀lù?

Ọmọ Ọjà Ọba: Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, láti oṣù kẹta 2020 tí Kòrónà ti dá líìgì dúró, mi ò fojú kan Sunshine Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, mọ́. Àárò wọn ń sọ mí gan-an. Ṣùgbọ́n yàrá kan náà lèmi àti bàbá mi ń sùn, ikọ́ fée sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, ẹni tó ò mọ̀ rí á dì mọ́ ẹ, itọ́ á ta sí ẹ lójú. Ṣé kí n lọ?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, ẹnu ọ̀nà ló ń bà mí lẹ́rù ju orí ìjókòó lọ. Ibẹ̀ la ti ń fún mọ́ra.

Aráàlú: Rédíò ni tèmi. Ẹni tó ń kọrin, àgbọ̀n ni ìbòmú rẹ̀ ń wà.

Ọmọ Ọjà Ọba: Ẹ ṣé o. Ó di ìgbà tí Bàbá bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.