Salvador ní Bahia: ṣé inú Pelourinho ni ká sùn àbí Barra lẹ́bàá òkun?

Àdùfẹ́ Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ fowó ṣòfò. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Salvador ní Brazil nínú oṣù November, alẹ́ mẹ́rin péré la ní níbẹ̀ torí ibi iṣẹ́ mi ò fún mi láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ òfuurufú TAP ti Portugal la máa wọ̀, a máa gba Lisbon kọjá. Campos Square ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni màmá mi dàgbà sí, àárín àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá, Holy Cross ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn, títí dòní tó bá di Good Friday frejon, ẹ̀wà alágbọn yẹn, ni wọ́n máa ń sè, wọ́n á sì máa sọ pé káwọn tó kú àwọn gbọ́dọ̀ fojú rí ibi táwọn Àgùdà yẹn ti bọ̀. Ìdí tá a fi ń lọ nìyẹn, kì í ṣe torí bíìṣì.

Ibi tá a máa sùn ló wá di wàhálà. Mo ti wo ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ta mí. Àwọn tó wà ní Pelourinho, inú ìlú àtijọ́ yẹn gan-an, ó rẹwà kọjá sísọ, ògiri aláwọ̀ oríṣiríṣi, fèrèsé gíga gíga, ṣùgbọ́n ẹnì kan níbi iṣẹ́ tó ti dé Brazil rí ní kí n má dán an wò, ó ní olè ń bẹ níbẹ̀ lálẹ́, pé Barra ni kí n lọ. Ẹlòmíì ní Rio Vermelho. Orúnkún màmá mi sì ń dùn wọ́n, wọ́n lè rìn dáadáa o, àmọ́ tó bá ti di àtẹ̀gùn wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù. Kí ni kí n ṣe? Ẹni tó bá ti débẹ̀ ni kó dáhùn o, ẹni tó wo fídíò kó dákẹ́ ẹ jọ̀ọ́.

Baba Ìbejì Mọ́kọ́lá

Barra. Mi ò ní fọ̀rọ̀ gùn. Ibẹ̀ lèmi àti ìyàwó mi sùn. Ọ̀nà etí omi yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ láti Porto da Barra títí dé ilé iná àwọn atukọ̀, Farol da Barra, màmá á máa rìn jẹ́jẹ́ láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ló ní lífìtì torí ilé òde òní ni wọ́n, kẹ́mísìtì wà nítòsí, ilé oúnjẹ wà. Omi Porto da Barra kì í jà torí inú ọ̀sà ńlá yẹn ló kọjú sí kì í ṣe ojú agbami, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lórí omi. Fún ìmọ̀ yín náà, ilé ìṣọ́ àtijọ́ kan wà létí omi níbẹ̀, Forte de Santa Maria, wọ́n kó àwọn fọ́tò Pierre Verger sínú ẹ̀, òyìnbó Faransé tó wá di babaláwo tó ń jẹ́ Fátúmbí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ Pelourinho ẹ pe Uber, kò jìnnà, kò sì wọ́n. Ṣé dandan ni kéèyàn sùn sínú mùsíọ̀mù kó tó lè wò ó ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston

Baba Ìbejì ẹ má bínú o, mo bọ̀wọ̀ fún yín àmọ́ mi ò gbà. Àǹtí yìí fẹnu ara wọn sọ pé kì í ṣe torí bíìṣì, ẹ wá gbé wọn lọ sí bíìṣì tààrà.

Alẹ́ mẹ́rin ni o! Salvador yìí ni olú ìlú Brazil láti 1549 títí di 1763, gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù látìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ilé alájà ni o, orí òkè kan náà ni wọ́n kó jọ sí, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín. Àárọ̀ kùtù ni Pelourinho dùn jù, kí bọ́ọ̀sì àwọn àlejò tó já wọn sílẹ̀, kí àwọn tó ń so okùn mọ́ni lọ́wọ́ pé ẹ̀bùn ni, tí wọ́n á wá bèèrè owó, tó jí. Ẹ̀yin nìkan àti àwọn tó ń gbálẹ̀ àti òórùn kọfí. Ẹni tó ń ti Barra bọ̀ ò lè rí ìyẹn, agogo mẹ́wàá ló máa dé, oòrùn á ti mú, gbogbo ayé á ti pé síbẹ̀.

Ohun tí mi ò ní fi pamọ́ ni ariwo. Ìlú onílù ni. Tó bá jẹ́ Tuesday tàbí òpin ọ̀sẹ̀ tí fèrèsé yín sì kọjú sí títì, ẹ gbàgbé oorun. Àwọn ilé yẹn sì ti dàgbà, UNESCO ti kọ orúkọ àdúgbò náà sílẹ̀ láti 1985, wọn ò kàn lè dá ihò sí i kí wọ́n ki lífìtì bọ̀ ọ́, àtẹ̀gùn onígi ló pọ̀ níbẹ̀, ó sì ga. Ti olè, ọ̀sán ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà, ọlọ́pàá kún ìta. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ra, ẹ má ya wọ àwọn òpópónà tó dá tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bahia

Ẹ kú ìjíròrò o ẹ̀yin àgbà. UFBA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Bahia, ni mo wà, ìlú yìí ni mò ń gbé, ẹ jẹ́ n bọ́ sí i. Ẹ̀yin méjèèjì ló sọ òótọ́, àmọ́ àdúgbò tó bá ìbéèrè yìí mu gan-an kò tíì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun ni Santo Antônio Além do Carmo.

Ẹ jẹ́ n ya máàpù ẹ̀ sọ́kàn yín. Ìlú méjì ni Salvador àtijọ́, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, bèbè gíga ló wà láàárín wọn. Lífìtì ìlú tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda, tí wọ́n ti ń lò láti 1873, mítà 72 ló fi ga, ẹ fi ìyẹn mọ bí òkè náà ṣe rí. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹ máa rí hòtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú ní Comércio, nísàlẹ̀, lórí fóònù ó máa dà bíi pé ó fara kan Pelourinho, ẹ máa ní haa, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Irọ́ ni o! Òkè ló dúró sí àárín, ó di kẹ́ ẹ wọ lífìtì kẹ́ ẹ tó gòkè, tí àwọn oníṣẹ́ ọ́fíìsì bá sì ti lọ sílé tàbí tó bá di Sunday, ibẹ̀ á dá páropáro. Ẹ má mú ibẹ̀ láéláé.

Santo Antônio wà lórí òkè kan náà pẹ̀lú Pelourinho, lápá àríwá, òpin rẹ̀ ni. Láti ojúde Santo Antônio títí dé Carmo, ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, ilé kéékèèké ni, àwọn àgbàlagbà ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń gbé àga síta ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ilé tó sọ ara wọn di pousada, ilé àlejò kékeré nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹ̀yìnkùlé tó kọjú sí ọ̀sà, èèyàn á máa mu kọfí á máa wo ọkọ̀ ojú omi. Ìlù Pelourinho ò ní dí yín lọ́wọ́. Àmọ́ Ladeira do Carmo ló wà láàárín yín àti Pelourinho, ìsọ̀kalẹ̀ gidi ni, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, tójò bá rọ̀ ó máa ń yọ̀. Sísọ̀kalẹ̀ lè ṣeé ṣe fún màmá tí wọ́n bá rọra ṣe é pẹ̀lú bàtà tó di ilẹ̀ mú, gígòkè padà ni kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n dán wò, ẹ pe Uber tàbí 99, áàpù takisí bíi Uber náà ni. Bó ti wù kí ilé náà rẹwà tó, tí àdírẹ́sì bá ti fi Ladeira bẹ̀rẹ̀, ẹ sá. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé sí wọn pé yàrá ilẹ̀ lẹ fẹ́, térreo ni wọ́n ń pè é, kẹ́ ẹ sì béèrè iye àtẹ̀gùn tó wà láti ẹnu ọ̀nà ìta, torí ẹni tó ni ilé lè sọ pé ilẹ̀ ni nígbà tí àtẹ̀gùn mẹ́wàá ti wà níwájú ilé.

Ti Rio Vermelho, àdúgbò àwọn tó ń jayé lálẹ́ ni, àkàrà ibẹ̀ dáa, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ọdún Yemọja ní February 2. Fún November pẹ̀lú màmá, rárá.

Ìyá Tóbi

Kí ló dé tí wọn ò pín in? Méjì ní Santo Antônio, méjì ní Barra, kí gbogbo wa sinmi ariwo. Mo tún fẹ́ béèrè, páasìpọ́ọ̀tù wo ni màmá ń lò? Tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, wọ́n gbọ́dọ̀ gba fíṣà Brazil kẹ́ ẹ tó sanwó ilé kankan, kí ti British má tàn yín pé gbogbo èèyàn ló ń wọlé bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston

Pínpín kẹ̀? Ìyá Tóbi, nínú alẹ́ mẹ́rin? Ẹni tó bá kó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, agogo méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n máa tó fún un ní yàrá níbòmíì, odidi ọ̀sán á ti lọ sórí báàgì, báàgì oníkẹ̀kẹ́ sì rèé lórí òkúta Pelourinho, ẹ jọ̀ọ́. Ojú kan ni kí wọ́n wà. Mo sì gba ti Santo Antônio o, àbúrò yìí mọ ilé.

Àdùfẹ́ Peckham

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ fún màmá bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Páasìpọ́ọ̀tù British la jọ ń lò, kò sí wàhálà níbẹ̀. Màmá ní kí n bi Akẹ́kọ̀ọ́ pé ọjọ́ wo ni ìsìn máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn dúdú tó wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìlù ni wọ́n fi ń kọrin, àti pé ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà ńkọ́. Wọ́n tún ní kí n kọ ọ́ síbí ketekete pé àwọn ò lọ ilé òrìṣà kankan o, Àgùdà làwọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bahia

Ẹ bá mi kí màmá o, ẹ ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fipá mú wọn. Àmọ́ wọ́n á rí òrìṣà dandan, torí tí Uber bá gba etí adágún Dique do Tororó kọjá, ère wọn ló dúró níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí omi, gìrìwò, pẹ̀lú aṣọ àti irinṣẹ́ wọn. Ìlú yìí ò pín in bíi tiwa. Àwọn ìyá olórìṣà mélòó kan ni mo mọ̀ tí wọn kì í pa Máàsì jẹ.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń wí ni Rosário dos Pretos, aláwọ̀ búlúù tó wà ní ojúde Pelourinho gan-an, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti olómìnira, ló kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Tuesday lagogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni Máàsì onílù yẹn, ẹ tètè dé kí màmá lè ríbi jókòó. Torí náà ẹ rí i dájú pé Tuesday wà nínú alẹ́ mẹ́rin yín, ìyẹn ṣe pàtàkì ju ilé lọ. Mọ́ńdè ni kẹ́ ẹ fi sinmi, ọ̀pọ̀ mùsíọ̀mù ló ń tì lọ́jọ́ náà. Ti São Francisco, oníwúrà yẹn, àjà inú rẹ̀ já lulẹ̀ ní February 2025, ó pa ẹnì kan, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀ṣì náà pa, ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó fi í sínú ètò. Ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim jìnnà sí gbogbo ibi tá à ń sọ yìí, ì báà jẹ́ Barra ì báà jẹ́ Santo Antônio, ẹ wá àárọ̀ kan fún un.

Casa do Benin àti Casa da Nigéria, ilé àṣà Benin àti ti Nàìjíríà, Pelourinho náà ni méjèèjì wà, mo rò pé ìwọ̀nyẹn máa dùn mọ́ ọmọ Campos Square. Ẹ tún ṣọ́ November 20 o, ọjọ́ ìrántí Zumbi, aṣáájú àwọn ẹrú tó sá lọ dá ìlú ara wọn, ó ti di ọlidé gbogbo Brazil láti 2024, ilé máa ń kún, owó á sì gòkè. Tó bá bọ́ sínú ọjọ́ yín ẹ san owó yàrá nísinsìnyí.

Baba Ìbejì Mọ́kọ́lá

Ó dáa, ẹ ti ṣẹ́gun mi. Àmọ́ ẹ mú màmá lọ sí Porto da Barra ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo fún mi, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Àdùfẹ́ Peckham

A máa lọ sà, ẹ má ṣèyọnu. Mo ti kọ̀wé sí pousada méjì ní Santo Antônio. Ọ̀kan ti fèsì pé térreo wà, àtẹ̀gùn méjì péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ fáànù ni wọ́n ní, kò sí ẹ́síì. Èkejì ní ẹ́síì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni yàrá wà. Èwo ni kí n mú?

Akẹ́kọ̀ọ́ Bahia

Ẹ mú onífáànù, kẹ́ ẹ kàn béèrè bóyá fèrèsé yàrá náà kọjú sí ọ̀sà. Tó bá kọjú síbẹ̀ atẹ́gùn á máa wọlé. Tí kò bá kọjú síbẹ̀ ẹ fi orúkọ pousada méjèèjì ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mo lè yà wò wọ́n ní Saturday tí mo bá ń ti ọjà bọ̀.